Bàbá Zeenat Lọ Kí Ọ̀gá ní Sandton

Lóṣù Kejìlá ọdún tí mò ń sọ yìí, tí o bá dé ṣọ́ọ̀bù Ràímì Adésànmí ní Berea pé kó bá ọ gé kọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́ kó tó mú sísọ́ọ̀sì. "Jókòó. Ṣé o ti gbọ́ pé Zeenat ti wà ní Sandton?" Ìwọ tí o kàn wá ra kọ́tìnnì, kí lo fẹ́ sọ? Wàá ní o ò tíì gbọ́. Háà, o ti dáràn nìyẹn! Ràímì á gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, á fa àga, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn ará Ìwó tí wọ́n jọ ń kírun, ó sọ ọ́ ní Zulu tó wọ́ fún ìyá tó ń ta tòmátì lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún awakọ̀ taxi kan tó dúró ní robot, iná ojú pópó, tí pupa rẹ̀ kò jẹ́ kó rí ibi sá sí.

Kì í kúkú ṣe pé Ràímì ń parọ́. Lóòótọ́ ni Zeenat wà ní Sandton, àdúgbò àwọn olówó ní Johannesburg. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló gbà á fún iṣẹ́ ìsinmi ìgbà ooru, nígbà tí yunifásítì ti palẹ̀kùn dé, tí ìdajì Johannesburg sì ń di ẹrù lọ sí etí òkun ní Durban. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni kí wọ́n máa wá ilé tó ti ń gbó káàkiri ìlú, kí wọ́n rà á, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n gba ayálégbé sí i, kí èrè sì máa wọlé fún àwọn tó kówó lé e. Ohun tí Zeenat ń kọ́ ní yunifásítì gan-an nìyẹn. Ọdọọdún ni wọ́n ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, wọ́n á fún oníkálukú ní ilé kan pé kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì padà wá dúró níwájú àwọn ọ̀gá, kó sọ bóyá kí wọ́n rà á tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù, iṣẹ́ ti ń dúró dè é lọ́jọ́ tó bá jáde yunifásítì. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń mú.

Zeenat fẹ́ ipò yẹn dé inú ọkàn rẹ̀. Kí ló dé tí kò ní fẹ́ ẹ? Inú yàrá kan ní Berea ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, yàrá tí wọ́n fi kọ́tìnnì pín sí méjì. Láti kékeré ló ti máa ń dúró lójú fèrèsé, tí á máa béèrè pé ta ló ni ilé yìí, ta ló ni tọ̀hún, kí ló dé tí ẹni tó ni ín kò tún ẹnu ọ̀nà ṣe. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè bisikíìtì, tirẹ̀, lándílọ́ọ̀dù ló ń béèrè.

Ilé tí wọ́n fún un jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta kan ní Turffontein, tí kò jìnnà sí pápá tí wọ́n ti ń sáré ẹṣin. Ojoojúmọ́ ló ń wọ taxi lọ síbẹ̀. Á kan ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kí wọn, á béèrè ọ̀rọ̀, á sì padà sílé pẹ̀lú eruku lára bàtà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, nídìí oúnjẹ, á wá máa ro ẹjọ́ ilé náà fún àwọn òbí rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì lọ́tùn-ún, Yorùbá lósì. Àwọn tó ti yẹ ilé náà wò ṣáájú rẹ̀ ní kí ilé-iṣẹ́ rà á, kí wọ́n sì kó gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ síta. Zeenat ní kí wọ́n rà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe lé ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn ayálégbé yẹn ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń sanwó déédéé, àwọn fúnra wọn ló ń gbá àtẹ̀gùn, ẹni tó bá sì lé wọn, yàrá òfìfo ni yóò máa wò. Ràímì kì í gbọ́ ìdajì rẹ̀, àmọ́ á máa mi orí, ẹ̀rín ò sì ní kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ náà, Màdáàmù Matlala, ará Limpopo, òun ni ọ̀gá pátápátá. Obìnrin yìí fẹ́ràn Zeenat gan-an. Ó ń mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìpàdé, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo òrùlé àti páìpù omi, ó tilẹ̀ fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé e lọ wo ilé nígbà kan. Zeenat sọ gbogbo èyí délé. Ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Zeenat," Afusat ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹ ti lọ kí obìnrin yẹn?"

"Èwo?"

"Màdáàmù Matlala ni. Ó ń bá wa tọ́jú ọmọ láti ọjọ́ yìí wá, a ò yọjú, a ò ránṣẹ́. Kí ló máa rò? Pé ọmọ yẹn ò nílé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ràímì lára. Ọmọ tí kò nílé kẹ̀! Zeenat tèmi? Ìgbà tí ọmọ náà wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ràímì gbé ìrẹsì lọ fún tíṣà rẹ̀. Ìgbà tó parí Kùránì, ó ra aṣọ fún alùfáà tó kọ́ ọ. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé girama rẹ̀, kọ́tìnnì ni Ràímì rán sí gbogbo fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, obìnrin náà sì fò mọ́ ọn tayọ̀tayọ̀. Kò sí ẹni tó bá a jà rí. Ojú tì í pé ìyàwó òun ló ń rán òun létí ohun tó yẹ kí òun ti ṣe.

"Ẹ má sọ fún Zeenat o," Afusat tún ní. "Á ní a fẹ́ dójú ti òun."

Bí wọ́n ṣe kírun Jímọ̀ tán báyìí, Ràímì wọ agbádá funfun tó gba sítáàṣì. Ó di iṣu tó lẹ́wà sínú àpò, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan, ó sì ká kọ́tìnnì tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé èjìká. Ẹ̀ṣọ́ tó wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin wo kẹ́ẹ̀gì náà, ó ní, "Eish, Baba, ṣé epo mọ́tò nìyí?" Ràímì ní rárá o, ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi í sè. Ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní shap, kò burú, kó máa lọ. Gbogbo àwọn tó wọ kóòtù nínú ọkọ̀ ń wo iṣu. Ràímì ń kí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé iṣẹ́ ńkọ́.

Nígbà tó dé ibẹ̀, Màdáàmù Matlala wà ní ìpàdé, Zeenat sì ti lọ sí Turffontein. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ràímì to ẹrù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tún agbádá rẹ̀ wọ́ sí èjìká, ó sì jíṣẹ́. Ó ní òun ni bàbá Zeenat. Ó ní kí wọ́n bá òun kí màdáàmù, kó bá òun tọ́jú ọmọ òun dáadáa. Ó ní kékeré nìyí o, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ọmọ náà, èyí tó tóbi ń bọ̀. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó sì lọ sílé. Ó sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Yéè, Ràímì! Èmi àti ẹ̀yin mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Èwo nínú àwọn bàbá wa ni kò sọ bẹ́ẹ̀ rí? Ṣùgbọ́n kí èèyàn wọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ yan ẹnì kan láàárín ọ̀pọ̀, kó gbé ẹrù kalẹ̀ fún ẹni tí yóò yàn, kó tún ní òmíràn ń bọ̀ tí ó bá yan tòun! Ọ̀dọ́mọkùnrin ìdí tábìlì ò fi ọ̀rọ̀ náà jáfara. Ó gbé iṣu, ó gbé epo, ó gbé kọ́tìnnì, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sán ni Zeenat padà sílé. Kò bọ́ bàtà, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Ràímì ń jẹun lọ́wọ́.

"Dádì, kí lẹ ṣe?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ṣé ẹ gbé nǹkan lọ sí ọ́fíìsì wa?"

Ràímì rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọmọ náà wá dúpẹ́ ni. "Ó ti dé etí rẹ? Ṣé wọ́n fẹ́ràn iṣu yẹn?"

Ni Zeenat bá bú sẹ́kún. Láàárín ẹkún yẹn ló ti ṣàlàyé. Òfin wà níbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń wá nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀bùn ra ipò fún un. Wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí àwọn yòókù bá ń sọ̀rọ̀ lórí ilé tiwọn, kí òun àti bàbá rẹ̀ wá ṣàlàyé ara wọn ná. Tí àlàyé kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kó máa lọ sílé nìyẹn.

"Torí iṣu?" Ràímì pariwo. "Ṣé mo jalè ni? Èèyàn ò lè kí èèyàn mọ́ láyé yìí?"

"Dádì, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ kan nínú líìfùtì. Wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, ṣebí ará Nigeria ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ràímì dá òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà ní Johannesburg. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn, ó sì ti fi gbogbo ọdún náà rìn jẹ́jẹ́, ó ta ọjà tó dára, ó san owó ilé lásìkò, kí ọ̀rọ̀ yẹn má baà rí ọ̀nà wọ ilé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá fi èjìká ara rẹ̀ gbé e wọlé. Ó fọwọ́, ó sì dìde nídìí oúnjẹ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni Láolú dé. Láolú ni àbúrò Afusat, akọ̀wé owó ni ní ilé-iṣẹ́ kan, ó wọ táì, ó sì gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbọ́ ẹjọ́ tán, ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan.

"Kò le rárá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọjà lẹ gbé lọ tà. Ṣebí oníkọ́tìnnì ni yín? Ẹ ní ẹ gbọ́ pé wọ́n ń tún ilé ṣe, ẹ wá polówó ọjà. Ọ̀rọ̀ tán."

"Iṣu ńkọ́?"

"Ẹ ní oúnjẹ tiyín ni, ẹ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀."

Ràímì wò ó títí. "Láolú, ṣé kí n lọ dúró lójú àwọn èèyàn, kí n purọ́ nítorí iṣu? Kí n kírun tán, kí n lọ purọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọmọ yín la ń sọ!"

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọmọ mi la ń sọ. Gbé ẹnu yẹn sọ́hùn-ún."

Nígbà tí Láolú lọ tán, Ràímì pe Zeenat. Ohun tó ti rò láti àná ló sọ fún un. Ó ní òun á sọ fún wọn pé ará oko ni òun, pé òun ò kàwé, òun ò sì mọ nǹkan kan. Ó ní òun á sọ pé ìwà òmùgọ̀ òun ni, ọmọ òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. "Ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀. Sọ pé o ò mọ̀ sí i rárá. Sọ pé bàbá rẹ ò lajú. Wọ́n á ṣàánú rẹ."

Kí n má parọ́ fún yín, ó ń retí kí ọmọ náà ní rárá. Zeenat wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Dádì." Ó dun Ràímì wọ egungun. Àmọ́ ó mi orí, ó ní ohun tó yẹ kó ṣe náà nìyẹn, ó sì lọ bu omi mu.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Zeenat wọ kóòtù dúdú tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ràímì sì wọ agbádá funfun rẹ̀ yẹn, torí pé kò ní òmíràn tó dára tó o. Yàrá tí wọ́n mú wọn lọ, gíláàsì ni ògiri rẹ̀. Àwọn ọ̀gá márùn-ún ló jókòó, Màdáàmù Matlala wà láàárín, agbẹjọ́rò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òyìnbó tín-ín-rín kan tó wọ gíláàsì ojú. Lórí tábìlì ńlá náà, níwájú gbogbo wọn, ni iṣu, epo àti kọ́tìnnì Ràímì wà.

Agbẹjọ́rò náà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Adésànmí, ẹ sọ pé tí a bá mú ọmọ yín, èyí tó tóbi ń bọ̀. Kí ni èyí tó tóbi?"

Ràímì ṣí fìlà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú níwájú àyà. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sórí láti ilé.

"Sà, ẹ má bínú. Ará oko ni mí. N ò kàwé, n ò mọ nǹkan kan. Ọmọ yìí ò mọwọ́ mẹsẹ̀, òun ò dà bíi tèmi, òun lajú. Ìwà òmùgọ̀ tèmi ni, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe—"

"Dádì, ó tó."

Yorùbá ni Zeenat fi sọ ọ́, kò sì pariwo. Ó ti dìde. Ràímì yíjú sí i, ó ń ṣẹ́jú sí i pé kó jókòó, kó rántí ohun tí wọ́n jọ sọ.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ dé fìlà yín, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó wá yíjú sí àwọn ọ̀gá, ó sì bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, "Orúkọ ọkùnrin yìí ni Ràímì Adésànmí. Bàbá mi ni. Kì í ṣe ará oko, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà ní Berea kí wọ́n tó bí mi, kò sì sí ẹni tó rẹ́ jẹ níbẹ̀ rí. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ẹnì kan bá ń ṣe ọmọ rẹ lóore, wàá dìde, wàá lọ kí i, wàá sì gbé nǹkan dání. Ẹni tí kò bá lọ, wọ́n á ní kò mọ oore. Ó kí tíṣà mi àkọ́kọ́, ó kí gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e. Èyí tó tóbi tí ẹ ń béèrè, mo mọ̀ ọ́n. Òun àti màmá mi àti àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa ló máa kó ara wọn wá síbí, tí wọ́n á máa ṣàdúrà fún yín títí á fi sú yín. Kò sí nǹkan míì nínú ẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Agbẹjọ́rò ò rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn ni pé o mọ̀ pé ó lè wá?"

"Mi ò mọ ọjọ́ tó máa wá. Àmọ́ mo mọ bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé ó lè wá."

"O sì mọ òfin wa?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ fi kọ́ wa lọ́jọ́ tí a dé. Òfin tó dára ni. Èmi ni mi ò sọ ọ́ délé, torí ojú ń tì mí láti sọ fún bàbá mi pé oore rẹ̀ lè di ẹ̀ṣẹ̀ níbì kan. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fìyà jẹ ẹnì kan, èmi rèé. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láéláé pé mi ò mọ bàbá mi."

Ó jókòó. Ràímì kò gbọ́ gbogbo Gẹ̀ẹ́sì yẹn tán, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dé fìlà rẹ̀ padà bí ọmọ náà ṣe ní kó ṣe. Ẹ̀rù bà á, torí ó ti yé e pé ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ tó ń wá lé ewu nítorí tirẹ̀. Inú rẹ̀ tún ń dùn lójú ẹ̀rù náà. Kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe, kó sunkún ni àbí kó ṣàdúrà.

Wọ́n ní kí wọ́n bọ́ síta ná. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n padà, Màdáàmù Matlala ló sọ̀rọ̀.

"Lábúlé tiwa ní Limpopo, adìẹ ni ìyá mi ì bá gbé wá," ó ní. "Ṣùgbọ́n òfin lòfin. Bàbá á kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ọmọ yìí á sọ̀rọ̀ lórí ilé rẹ̀ bí àwọn yòókù ti ṣe láàárọ̀. Èmi ni wọ́n gbé ẹ̀bùn náà wá fún, nítorí náà mo yọwọ́. Mi ò ní dá sí i, mi ò sì ní dìbò."

Ràímì kọ́kọ́ fẹ́ yọ̀. Ìgbà tó rí ojú Zeenat ni ọ̀rọ̀ náà yé e. Ẹnì kan ṣoṣo tó dá ọmọ náà lójú pé ó wà lẹ́yìn òun nínú yàrá yẹn ti dìde báyìí, ó ti lọ jókòó sí igun kan, ó ká ọwọ́ rẹ̀ lé àyà. Àwọn mẹ́rin tó kù ni yóò dájọ́, agbẹjọ́rò yẹn sì wà nítòsí wọn.

Wọ́n ní kí Ràímì dúró síta. Ó jókòó sí àga kan níwájú ògiri gíláàsì, iṣu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ó ń rí gbogbo nǹkan. Ó rí i tí Zeenat gbé àwòrán pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Turffontein sójú ògiri. Ó mọ ibẹ̀, ó ti gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ. Ó rí i tó nawọ́ sí òrùlé, Ràímì sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ẹn, òrùlé ló wà yẹn." Ó rí i tó gbé àwòrán àwọn ayálégbé síbẹ̀, ìyá arúgbó kan tó mú ìgbálẹ̀ dání lórí àtẹ̀gùn. Àwọn ọ̀gá tó fẹ̀yìn ti àga tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú. Ràímì náà tẹ̀ síwájú lórí àga tirẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn béèrè ọ̀rọ̀ kan. Zeenat dákẹ́. Ràímì di etí agbádá rẹ̀ mú, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Dáhùn, ọmọ mi, dáhùn, ó wà lẹ́nu rẹ." Zeenat gbé orí sókè, ó dáhùn, ó sì rìn lọ bá ọ̀gá náà níbi tó jókòó, ó fi ìka tọ́ka sí nǹkan nínú ìwé tó wà níwájú ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà wo ìwé, ó wo Zeenat, ó sì mú bírò. Ọmọ tí mo bí nìyẹn? Ràímì ń bi ara rẹ̀. Ọmọ tó ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn òkùnkùn ilé wa nìyẹn?

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí Zeenat jókòó sí yàrá kejì, àwọn sì ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Agbẹjọ́rò tín-ín-rín yẹn ló kọ́kọ́ jáde. Ó kọjá níwájú Ràímì, ó rìn díẹ̀, ó sì padà.

"Ọ̀gbẹ́ni Adésànmí, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ báyẹn?"

Ràímì dìde fún un. Ó ronú. "Rárá, sà," ó ní. "Ìyá rẹ̀ ni."

Ìgbà yẹn ni agbẹjọ́rò náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó na ọwọ́ sí Ràímì, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Kí Ràímì tó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ilẹ̀kùn ti ṣí, Zeenat ti ń sáré bọ̀, bàtà gíga ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ta kọ́ọ́kọ́ọ́ nílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Màdáàmù Matlala dúró, ó ń pàtẹ́wọ́.

Fóònù Ràímì ń dún nínú àpò. Afusat ni, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ràímì gbé e sétí, ó ya ẹnu, ohùn ò jáde. Ẹkún ló jáde. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri gíláàsì náà, ó ń sunkún lójú ọ̀sán gangan ní Sandton, àwọn tó wọ kóòtù sì ń yà fún un lọ́nà.

"Bàbá Zeenat?" Afusat ń pariwo. "Wọ́n ti lé e? Yéè, èmi ni mo fà á! Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ lọ!"

Zeenat gba fóònù náà. "Mọ́mì, wọn ò lé mi. Wọ́n mú mi. Èmi ni wọ́n mú!"

Ìró ayọ̀ tó ti inú fóònù náà jáde mú kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yíjú. Afusat pariwo, ó ki ọmọ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó tún pariwo. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Tí wọ́n bá ti mú ẹ, kí ló ń pa bàbá ẹ lẹ́kún báyẹn? Ṣé nítorí iṣẹ́ náà ni?"

Ràímì na ọwọ́, ó gba fóònù padà. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá agbádá.

"Afusat," ó ní, "ó dárúkọ mi fún wọn. Ó dìde níwájú gbogbo wọn, ó ní èmi ni bàbá òun."